Ìkòkò Ẹ̀wà Surajudeen

Ìkòkò ẹ̀wà ni Surajudeen fi gba bọ́ǹbù náà.

"Ó gbá a mú bí ẹni gba bọ́ọ̀lù," Kaosarah ń kà á lọ lórí pèpéle, ìwé tuntun ṣí lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó fi ọmọrí dé e, ó jókòó lé ọmọrí. Bọ́ǹbù bú gbàù nínú ìkòkò, ẹ̀wà jinná. Surajudeen fi ṣíbí bù ú tọ́ wò, ó ní, 'Iyọ̀ ló kù.'"

Ẹ̀rín tí àwọn ọmọ iléèwé rín ní gbọ̀ngàn Bódìjà yẹn kì í ṣe kékeré. Àwọn tó ń ra tòmátì lọ́jà ní láti ti gbọ́ ọ. Olùkọ́ kan rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi ṣí kúrò lórí rẹ̀, ó fẹ́ lọ bá orí ẹlòmíràn. Lórí ìjókòó iwájú, Bàbá Àdìó ń gbọn apá agbádá. Sítáàṣì tí wọ́n fi sí agbádá ọ̀hún pọ̀ débi pé nígbà tí wọ́n ní kí àlejò pàtàkì dìde, agbádá ló kọ́kọ́ dìde kó tó kan bàbá.

Òun ló ni ìtàn. Kaosarah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè di ìwé fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀ pé ogun abẹ́lé jà rí ní Nàìjíríà. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní Agbowó: bí Àdìó àti Surajudeen ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Ṣakí méjì tó ń lẹ táyà ní Dùgbẹ̀, ṣe wọṣẹ́ ṣọ́jà lọ́jọ́ kan náà; bí afárá ṣe já tí Surajudeen fi ru mọ́tò akẹ́rù sórí sọdá odò, tó tún ní kí dẹ́rẹ́bà má sọ̀ kalẹ̀; bó ṣe hanrun tí àwọn ọ̀tá rò pé ọkọ̀ òfurufú ló ń bọ̀, tí wọ́n sá fi bàtà sílẹ̀. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ogun parí, Surajudeen sì ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ nílé. Kò kàn tíì dé ni.

Luqman, tó ń darí ètò, ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè nawọ́. Ìyá kan tó fi ìborùn funfun borí dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Gbogbo èèyàn rò pé ìyá àgbà ọmọ kan ni. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un.

"Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Àdìó ni ìbéèrè tèmi ń lọ. Sàídátù ni mí. Orúkọ tí mo rí lára pátákó yín ló gbé mi wá láti Ẹlẹ́yẹlé. Àbúrò Surajudeen ni mí."

Inú Luqman dùn. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Màmá. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Sàídátù dúró kó tán.

"Mo ka ìwé yín lẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn. Ẹ sọ níbẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n Àdìó, ọ̀nà wo ló ń gbà bọ̀?"

Àwàdà kì í wọ́n lẹ́nu Bàbá Àdìó. Bó bá pa ogún lónìí, ọgbọ̀n á ti hù kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó ti la ẹnu láti sọ pé Surajudeen gba Kóńgò kọjá, pé ọmọ ọba kan ló dá a dúró níbẹ̀, tó ń fi ẹran ìgalà ṣìkẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló wo ojú obìnrin náà. Èjí tó wà lẹ́nu rẹ̀, èjí Surajudeen ni.

Lójú ọkàn, ó rí i bó ṣe wà nígbà tí ogun parí, ọmọbìnrin kékeré tó di ìró ìyá rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà ní Ṣakí. Ọjọ́ náà, Àdìó gbé àpò Surajudeen dání. Kò sí ìwé kankan tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ológun wá sílé wọn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: àgbà ni wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rán, àgbà náà á sì kọ́kọ́ wá àgbà mìíràn kún ara. Ṣùgbọ́n kó tó dé ilé baálé, ìyá ti rí i, ó ti gbá a lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

Ẹnu tí Ọlọ́run fún Àdìó ló dáhùn, kì í ṣe Àdìó. Ó ní, "Ó wà lẹ́yìn. Ó ní kí n bá òun gbé àpò, nítorí mọ́tò ti wà lórí òun."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kó tún un sọ. Báwo lèèyàn ṣe ń ti inú ẹ̀rín yẹn padà? Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá dé, Àdìó á gbé ìtàn tuntun lọ sí Ṣakí, títí ìyá fi kú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ti lọ fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Irọ́ náà ti bímọ, ó ti ní ọmọ ọmọ, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ síwèé.

"Sàídátù," ó ní, "kò gba ọ̀nà kankan bọ̀."

Bàbá Àdìó ká apá agbádá jọ sórí itan.

"Ó ti kú. Ibà ló pa á, ní ọjọ́ kẹsàn-án tí a dé ibùdó. Kò yìnbọn kankan. Kò tiẹ̀ rí ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá."

Kaosarah pa ìwé dé. "Bàbá, ẹ ní òótọ́ ni."

"Mo ní òótọ́ ni."

Kò lè wo ojú ọmọ náà. Sàídátù kò sunkún. Ó rìn bọ̀ níwájú díẹ̀díẹ̀, ó jókòó tì í.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni."

"Ta ló kírun sí i lára?"

"Àwa mẹ́ta. Èmi ni mo ṣe lèmọ́mù. Mo gbàgbé ibi tí mo dé, mo tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ kọjú rẹ̀ sí gábàsì?"

"Mo kọ ọ́ sí i."

Sàídátù mí. "A ò ṣe fídáù rẹ̀ rí. Ìyá ò gbà. Wọ́n ní a kì í ṣe fídáù ẹni tó wà lọ́nà. Àmọ́ wọn ò béèrè ọjọ́ tó máa dé lọ́wọ́ yín rí, àbí wọ́n béèrè?"

Bàbá Àdìó rò ó. "Rárá."

"Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ti máa gbálẹ̀ de irọ́ yín." Èjí yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀. "Ọjọ́ Àìkú la máa ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó sáyè ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ mú ọmọ yìí dání, kó wá kàwé fáwọn ọmọ mi."

Kaosarah nu ojú rẹ̀, ó ní òun á wá.

Ètò tú, àwọn ọmọ tò kí bàbá lè buwọ́ lu ìwé fún wọn. Bàbá Àdìó rò pé wọn ò ní fẹ́ ẹ mọ́, àmọ́ ìlà náà ò kúrú. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Islamiat, tó fẹ́ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, na ìwé tirẹ̀ sí i.

"Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n kú?"

Kò sẹ́ni tó bi í rí. Nínú orí Bàbá Àdìó, ọjọ́ ti lọ lórí Surajudeen bó ṣe lọ lórí òun: irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, orúnkún ń dùn ún, ó ti ń tọ̀pá. Ó ní láti kà á.

"Méjìdínlógún."

"Èmi náà á pé e lọ́dún tó ń bọ̀," Islamiat ní.

Bàbá Àdìó wò ó. Yíǹkì wà ní ìka rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan ti yọ̀ wálẹ̀, ó sì ń jẹ bisikíìtì tí wọ́n pín. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọmọdé ló ń sọ ìtàn náà fún. Kò rántí lọ́jọ́ kan pé ọmọdé náà lẹni tí òun ń sọ ìtàn rẹ̀.

Ó gba bírò. Ó ní kó pe orúkọ rẹ̀ fún òun díẹ̀díẹ̀, kí òun lè kọ ọ́ pé.