Orí Oòrùn Láàárín Orúnkún Mi

Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ má tíì jáde, ẹ má sì rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí àpótí tí mo fi ń dirun, oòrùn fúnra rẹ̀ sì wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi bí ọmọ iléèwé. Kò jó mi. Irun rẹ̀ gùn lọ rére, ó ń fa òòyà irin mi mọ́ra bíi mágínẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, àṣé láti orí rẹ̀ gan-an ni atẹ́gùn náà ti ń fẹ́. Mo tú kókó ńlá kan, ó di kéékèèké mẹ́wàá. Mo tú ọ̀kan nínú wọn, òun náà tún bí mẹ́wàá. Ìyá mi tó ti kú dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ní, "Yára dì í! Ilé yín ni atẹ́gùn yẹn ń lọ, Àbẹ̀kẹ́ sì wà lójúde." Mo fẹ́ dìde, irun ti lọ́ mọ́ gbogbo ìka mi. Mo ń kígbe pé kó wọlé, atẹ́gùn ń gbé ohùn mi lọ. Mo ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń ṣeré, irun tí mo dì fún un lánàá sì ń tú níkọ̀ọ̀kan, níkọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo nígbà tí mo jí.