Ojú Tí A Fi Ra Ojú

Láti ìgbà tí Àbdùlwàhídù ti mú ìyá rẹ̀, Nàímátù, wá láti Ìlọrin sí ilé rẹ̀ ní Soje, ní ìlú Minna, òun ni ojú fún un. Àrùn tí ń jẹ iṣan ojú ti pa ojú ìyá náà méjèèjì, dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ pé èyí tí ó ti lọ kò ní padà. Ohun kan ṣoṣo tí ń pa á lẹ́rìn-ín ni eré kan tí wọ́n ń ṣe lórí amóhùnmáwòrán lẹ́yìn ìrun alásárì, eré ilẹ̀ òkèèrè tí ó kún fún oṣó àti idán, tí wọ́n ti fi èdè Hausa sí àwọn òṣèré lẹ́nu. Hausa kò yé ìyá. Àbdùlwàhídù ni ó ń wò ó, tí ó sì ń ròyìn rẹ̀ fún un.

Nínú eré náà, ayaba arúgbó kan fọ́jú. Ní ọjọ́ tí oṣó la ojú rẹ̀, ìyá na ọrùn síwájú.

"Kí ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ojú ọmọ ayaba ni oṣó gbà. Ọmọ náà kò sì mọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ọn lójú ní ọ̀sán gangan. Àbdùlwàhídù wo ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti sọ ọ́.

"Kò gba nǹkan kan, Ìyá. Àánú ló ṣe é."

"Oṣó yìí mà ṣèèyàn o. Wá a lọ fún mi, kó wá wo tèmi náà."

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń béèrè ohun tí ayaba ń wò. Àbdùlwàhídù a ní òdòdó ni, a ní àgbàdo tí ó ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ ayaba ń forí sọ ògiri níwájú ayaba náà.

Ní ọjọ́ kan, Bilqees, ọmọbìnrin rẹ̀ tí a bí sí Minna, jókòó tì wọ́n.

"Bàbá, ba haka ba, kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ni ọmọ náà wí, Hausa àti Yorùbá dà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó kọjú sí ìyá bàbá rẹ̀. "Kò sí òdòdó níbẹ̀. Kaka, ọmọ ayaba ni wọ́n ń fà lọ́wọ́. Oṣó yẹn gba ojú ẹ̀, ó fi fún mọ́mì ẹ̀. Ó ti pẹ́ fa."

Ìyá yíjú sí ọmọkùnrin rẹ̀.

"Wàhídù, ṣé o rò pé màá ní kí o fi tìrẹ sílẹ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Kí ló wá dé tí o fi purọ́?"

Ní ọjọ́ tí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, Àbdùlwàhídù mú ìyá jókòó síta, ó padà wọlé, ó sì bẹ dókítà pé kí wọ́n yọ ojú òun kan fún ìyá òun. Dókítà kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n ti lè ṣe irú rẹ̀ láyé. Ìkà ni oṣó inú eré, ṣùgbọ́n ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Kò sí ẹni tí yóò gba ti Àbdùlwàhídù.

"Òtítọ́ ni kí o máa sọ fún mi," ni ìyá wí nígbà tí wọ́n tún jókòó ti eré náà. "Kí ni ọmọ ayaba ń ṣe?"

"Ó ń fọwọ́ ra ògiri lọ, ó ń wá ẹnu ọ̀nà."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó jókòó. Ó ń wò ó."