Lẹ́yìn "A Dúpẹ́"

Mo kí yín o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá wa sí, tí a tún fi pàdé nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aránṣọ kan fún yín.

Oyún inú rẹ̀ ti ga, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà sì wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nílé ìwòsàn aboyún, nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ṣúgà tún ti lọ sókè, ó bi í bóyá ó ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ déédéé. Aránṣọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, lábẹ́ òwú. Kò gbàgbé rẹ̀ o. Ó kàn máa ń wò ó bí ẹni ń wo aṣọ oníbàárà tí kò wù ú rán.

Aránṣọ rò pé ìbéèrè ti tán, ni nọ́ọ̀sì bá fa àga sún mọ́ ọn, ó ní ọkàn rẹ̀ ńkọ́.

"A dúpẹ́."

Ṣé ó ń rí oorun sùn? A dúpẹ́. Ṣé ohun tó máa ń múnú rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀? A dúpẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti ń kọ ominú. Ta ló sọ fún obìnrin yìí pé òun kì í sùn? Ṣé ọkọ òun ni? Àbí ìyá ọkọ, tó sọ níjọ́sí pé ẹni tí kì í dá sí èèyàn mọ́, bóyá ni yóò lè tọ́mọ? Ó dá a lójú pé wọ́n fẹ́ sọ pé orí òun ti dàrú, kí wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ó jáde lọ jókòó de oògùn lórí bẹ́ǹṣì.

Aboyún tí wọ́n ń pè ní Aláwàdà ló wọlé tẹ̀ lé e. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá òun náà fà á, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ló sì máa ń pa gbogbo bẹ́ǹṣì lẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ó bi ìwọ náà ní ti oorun, àbí?" ló wí.

Aránṣọ wò ó tìfura-tìfura. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo àwa oníṣúgà tó lóyún ló ń bi. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ìyá ọkọ mi ti kú. Àbí òkú ló wá fẹjọ́ mi sùn?"

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní a dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì ní òun náà dúpẹ́, pé tí a bá ti dúpẹ́ tán, kí ló kù? Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́."

"Wọn ò ní gba ọmọ ẹ?"

"Èyí tí mi ò tíì bí? Ó ní kí n máa wá bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni."

Aránṣọ dìde, ó padà wọlé, ó sì rí i dájú pé ilẹ̀kùn tì. Kò jókòó; ìfura kò tíì tán.

"Ẹ má tíì kọ ọ́ sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fi gègé sílẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ yẹn, mi ò gún un mọ́. Kò sí nǹkan tó jọ mí lójú mọ́."

Nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Ó ní dandan ni kí dókítà gbọ́, kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí òun bá kọ, òun á kà á sí i létí. Ó tún fa àga náà sún mọ́ ọn. Lọ́tẹ̀ yìí, aránṣọ jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Olúwa má ṣe fi yín sílẹ̀ láìní ẹni tí yóò dúró gbọ́ ohun tó kù lẹ́yìn "a dúpẹ́" yín. Àmín.