Àwọn Tó Wá Bẹ Ọpẹ́yẹmí

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín òun nìkan nínú takisí Jóṣúà láàárín Ìlá sí Ọ̀rà, ẹ má sá fún un. Orí ẹ̀ pé. Ìwé ló kà. Ẹfúnróyè lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é ní Ọ̀rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sì na ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń tọrọ ọmọ-ọmọ àti àlàáfíà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà ní kí Ọlọ́run má bínú, ìwé ni tòun. Ní gbogbo ìgbà tó fi ṣiṣẹ́, ìwé àwọn ọmọdé nìkan ló ń kà. Ajá gbó, ológbò sá lọ. Ọdún yípo, ajá tún gbó, ológbò tún sá lọ. Ó ti sú u pátápátá. Ọkọ ẹ̀ ti lọ bá àwọn àgbà, àwọn ọmọ ẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ta ni yóò wá ní kó má kàwé?

Bó ṣe di pé gbogbo ọjọ́ ọjà Ìlá, ì báà ní nǹkan tó fẹ́ rà, ì báà má ní, Tíṣà á wọ takisí Jóṣúà, ó di ṣọ́ọ̀bù Kọ́lájọ nìyẹn.

Bàbá kan tí ìyàwó ẹ̀ ti kú tipẹ́ ni Kọ́lájọ, ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ta ìwé. Ìwé iléèwé ló kó síwájú, pẹ̀lú bírò àti ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀yìn pátápátá ni ìwé ìtàn Yorùbá wà, níbi tí èèyàn ní láti súnmọ́ fèrèsé kó tó ríran. Ó sì ní òfin kan, tí mi ò rò pé oníṣòwò mìíràn ní irú ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà: ìwé tó bá ti ku ẹyọ kan, kò ní tà á. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kó kà á, kó sì dá a padà sórí pẹpẹ. "Bí mo bá ta èyí tó kù," ló máa ń wí, "ẹni tó bá tún wá bèèrè ẹ̀ lọ́la ńkọ́?" Ẹ gbọ́ òwò! Abájọ tí kò fi lówó.

Tíṣà kàwé lọ́dún yìí, ẹ má dá mi lóhùn. Nígbà ọyẹ́, ìtàn adigunjalè ló rà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti ìrọ̀lẹ́, tí kò dá aládùúgbò tó wá tọrọ iyọ̀ lóhùn. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìtàn ìfẹ́ ló kàn. Iṣu tó gbé kaná jóná kanlẹ̀, ó sì fi omijé jẹ èyí tó kù. Lásìkò tí wọ́n ń ká obì, ìtàn ogun ló ń kà, ló bá ń pàṣẹ fún àwọn tó ń bá a ṣa obì bíi pé ọmọ ogun ẹ̀ ni wọ́n.

Lẹ́yìn iṣu tuntun ló wá rí ìwé pupa kan. Ìtàn Ọpẹ́yẹmí ni, aránṣọ tó fẹ́ Dáníẹ́lì, àgbẹ̀ oníkòkó. Ọjọ́ kan ni Dáníẹ́lì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó ẹ̀ fún àbúrò ara ẹ̀ láìsọ fún un. Ọpẹ́yẹmí ti ọjà dé, kò bá ẹ̀rọ, ló bá palẹ̀ ẹrù mọ́, ó jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé náà, nítorí náà kì í ṣe títà. Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń kà á lọ, àfi bí Kọ́lájọ ṣe na ọwọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó parí orí kìn-ín-ní.

"Ó tó fún òní, Tíṣà."

"Ó tó báwo? Obìnrin ọ̀hún ṣì wà lẹ́bàá títì!"

"Yóò wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ọjà. Bí ẹ bá kà á tán lónìí, kí lẹ ó wá wá ṣe níbí?"

Tíṣà kùn, ó rojọ́, ó ní irú ìkà wo nìyí. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, inú ẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ń retí ẹ̀ níbì kankan.

Bó bá ti wọ takisí padà, á ro orí tó kà fún àwọn èrò. Jóṣúà á rọra máa wakọ̀ kí ọ̀nà lè gùn. Nígbà míì, èèyàn á dé ibi tó ń lọ, á kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀. Wọ́n á máa jà sí i: èyí á ní Dáníẹ́lì ò ṣe dáadáa, ìyẹn á ní ṣé nítorí ẹ̀rọ lèèyàn ṣe ń kúrò nílé ọkọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sáàárín wọn á rò pé ẹbí Ọpẹ́yẹmí ni gbogbo wọn.

Ọjọ́ kan ni Tíṣà dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá páálí nílẹ̀. Kọ́lájọ ń kó ìwé sí i.

"Tèmídayọ̀ ní kí n máa bọ̀ ní Èkó," ó wí. Tèmídayọ̀ lọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo. "Ó ní kí ni mo ń dá nìkan ṣe níbí. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù. Kí ọdún tó parí, mo ti lọ."

Tíṣà fẹ́ sọ pé, "Ẹ má lọ." Ó ti wà lẹ́nu ẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kí opó máa bẹ ọkùnrin tí kò ní ìyàwó nílé pé kó má lọ? Ní Ìlá? Kó tó délé, wọ́n á ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó fún un. Ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Mo gbọ́ pé ẹ̀fọn Èkó máa ń jẹ èèyàn gan-an."

"Tèmídayọ̀ ti ta nẹ́ẹ̀tì sí yàrá mi."

"Ehn. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Tíṣà ka orí tó kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé ò wọ̀ ọ́ lára bó ṣe yẹ.

Ìbànújẹ́ yẹn ló gbé wọ takisí. Nígbà tí Jóṣúà ní, "Mà, Ọpẹ́yẹmí ńkọ́?" gbogbo ohun tó ń dùn ún ló bá ọ̀rọ̀ jáde. Ó ní Ọpẹ́yẹmí aránṣọ ń sunkún lórí àpótí ẹ̀ nítorí ẹ̀rọ tí Dáníẹ́lì gbé fún àbúrò ara ẹ̀, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹni kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ń ṣe agídí. Ó ní, "Ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀ yẹn, lọ́dọ̀ Kọ́lájọ, ni mo fi gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀ sí. Ó dùn mí o!" Ló bá bú sẹ́kún.

Àárín ọ̀nà ni Bàbá Akínwùmí ti wọkọ̀, ó ń bọ̀ láti oko, kò sì mọ̀ pé ìtàn inú ìwé ni wọ́n ń sọ. Ní Ọ̀rà, bàbá yìí ni olórí àwọn tó ń pẹ̀tù sí aáwọ̀. Kò sí ìjà tọkọtaya tí yóò gbọ́ tí yóò jókòó sílé. Bó ti rí omijé lójú Tíṣà, ara ẹ̀ ò gbà á mọ́. Kò dáa kó máa bi obìnrin tó ń sunkún léèrè ọ̀rọ̀, ló bá fi ẹnu sún mọ́ etí Jóṣúà.

"Ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí?"

"Bàbá, òótọ́ ni!" ni Jóṣúà dáhùn, tí inú ṣì ń bí i sí Dáníẹ́lì. "Ọkùnrin yẹn ò dáa rárá, sà."

"Ọmọ ibí ni?"

"Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni, sà."

Bàbá Akínwùmí mi orí. Kò rántí Dáníẹ́lì kankan tó fẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, ta ló mọ orúkọ gbogbo wọn tán? Ó sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀rà. Ilé Ìyá Dámisọ́lá, olórí àwọn ìyàwó ilé, ló kọ́kọ́ yà sí.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Tíṣà ń bá Kọ́lájọ di ẹrù. Ó ti pinnu pé òun ò ní sọ nǹkan kan, àfi kí òun máa to ìwé sínú páálí bí ẹni tó ń to ẹyin. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó kòkó ló dún níta. Àwọn àgbà Ọ̀rà bọ́ sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tiṣu tobì, àwọn ọkùnrin wé gèlè dà bí obìn... áà, mo ṣi í wí, àwọn obìnrin wé gèlè, àwọn ọkùnrin dé fìlà. Bí ẹ̀rín ṣe ń gbọ̀n mí nìyẹn.

"Kọ́lájọ," ni Bàbá Akínwùmí wí, "a ò bá tìjà wá. Ìyàwó oníyàwó tó wà lọ́dọ̀ rẹ, òun la wá bẹ̀."

"Lọ́dọ̀ tèmi? Ìyàwó wo, sà?"

"Ọpẹ́yẹmí."

Kọ́lájọ rò pé wọ́n wá kàwé ni. Ojú ẹ̀ là. "Ọpẹ́yẹmí? Ẹ̀yin náà? Háà, ẹ pẹ́ díẹ̀, sà. Mo ti dì í sínú páálí láàárọ̀ yìí."

"Yéè!" Ìyá Dámisọ́lá ká ọwọ́ lérí. "Ó ti dì í! Wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹ̀, kò tó, o tún dì í sínú páálí! Ẹ gbà mí o!" Ó ti gbá Kọ́lájọ lọ́rùn aṣọ mú.

Tíṣà ì bá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó sáré tú páálí, ó mú ìwé pupa jáde, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Bàbá Akínwùmí. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, inú ìwé ni. Ọpẹ́yẹmí nìyí. Dáníẹ́lì náà wà níbẹ̀."

Bàbá gba ìwé, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbọ̀n ọ́n.

"Àtẹ̀rọ náà?"

"Àtẹ̀rọ náà, sà."

Ìyá Dámisọ́lá rọra tú ọwọ́ kúrò lọ́rùn Kọ́lájọ, ó bá a tún kọ́là ẹ̀ ṣe. Àfi bí Kọ́lájọ ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Akínwùmí.

"Ẹ dákẹ́ ná," ó wí. "Mo ti jáde nílé pé mo ń lọ bẹ èèyàn. Mi ò ru iṣu ìpẹ̀ padà sílé rí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ta ló tún wà níbí tó fẹ́ kó jáde?" Ó wo páálí, ó wo pẹpẹ tó ti ṣófo, ó wá wo Kọ́lájọ. "Ẹrù ta ni gbogbo èyí?"

"Tèmi ni, sà. Mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Èkó."

"Ó tán! Ẹ kúnlẹ̀."

Bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn, tí àwọn ọkùnrin sì dọ̀bálẹ̀ láàárín ìwé. Wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ wá láti ilé, wọn ò tilẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní kó dárí jì wọ́n. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Wọ́n ní àwọn á gba ẹ̀rọ náà padà fún un.

"Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ má fi mí gbèpè," ni Kọ́lájọ ń wí. "Tèmídayọ̀ ló ní kí n wá."

"Pè é."

Wọ́n bẹ Tèmídayọ̀ lórí fóònù, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ náà kọ́kọ́ ń ṣàlàyé, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Akínwùmí ní òun dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú ewú orí òun, wọ́n gbọ́ tí nǹkan dún gbì lọ́hùn-ún. Ó jọ pé òun náà ti nà gbalaja. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé kí bàbá òun ṣe bó bá ṣe wù ú.

Kọ́lájọ fi fóònù sápò. Gbogbo ojú wà lára ẹ̀. Kò wo àwọn àgbà, Tíṣà ló yíjú sí.

"Gbogbo Ọ̀rà ti bẹ̀ mí," ó wí. "Ẹni tí mo ti ń retí láti ìjọ́ tí mo ti gbé páálí sílẹ̀ ò tíì la ẹnu. Ẹ̀fọn ló ń sọ fún mi."

Ojú ti Tíṣà. Ìyá Dámisọ́lá wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ yìí á ti kárí Ọ̀rà. Tíṣà wò ó, ó wo páálí, ó wá rí i pé kò burú. Kí wọ́n sọ ọ́.

"Ẹ má lọ, Bàbá Tèmídayọ̀," ó wí. "Bí ẹ bá lọ, mi ò níbi tí mò ń lọ mọ́. Mo bẹ̀ yín."

Kọ́lájọ gba ìwé pupa lọ́wọ́ Bàbá Akínwùmí, ó fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu eruku ẹ̀, ó gbé e fún Tíṣà, ó sì fi ọwọ́ hàn án ní bẹ́ǹṣì.

"Orí kan ṣoṣo o," ó wí. "Ìyókù di ọjọ́ ọjà."

Bàbá Akínwùmí ti fa páálí kan súnmọ́ tòsí, ó ti jókòó lé e. "Kà á sókè," ó wí. "Èmi ni mo wá bẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí n mọ̀ bóyá ó gbà."