Orogún Mi Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Orogún mi kò lẹ́sẹ̀, kò lẹ́nu: ìgò wáìnì pupa láti ilẹ̀ Faransé ni. Inú òkùnkùn abẹ́ àtẹ̀gùn ló ń gbé. Ọkọ mi ní ó gbọ́dọ̀ pẹ́ lógún ọdún kó tó dùn, àti pé ìdùbúlẹ̀ ni kó wà, kí ìdérí rẹ̀ má baà gbẹ, kó má baà bàjẹ́. Láràárọ̀ ló ń nù ún bí ọmọ tuntun. Èmi tí mo bímọ mẹ́ta fún un, ta ló nù mí rí?

Owú gbé mi dé abẹ́ àtẹ̀gùn. Mo gbé ìgò dúró gbọnrangandan, kó kúkú bàjẹ́!

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọkọ mi ń nù ún bí ìgò ṣe dúró, kò sì dá a padà sí ìdùbúlẹ̀. Ara fu mí. Mo ṣí i, mo tọ́ ọ wò: omi èso àjàrà táwọn ọmọ mi máa ń mu ló wà nínú ẹ̀!

“Baálé mi, obìnrin wo lẹ bá mu wáìnì yìí?”

Ó dorí kodò. “Ìyá ẹ ni. Wọ́n ní ta ló máa dúró de ogún ọdún.”

Mo tẹ ìyá mi láago. “Màmá, ẹ̀yin náà?”

“Ọmọ mi, ó mà dùn o!”

Mo ti dárí ji ìgò. Ìyá mi lorogún mi báyìí.