Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Gàníyù

Mùkáílà fi orúnkún gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà sókè díẹ̀, ó fi èjìká tì í, ó dún gbàmù. Ó ṣí i. Ó tún un tì láìgbé e sókè, ilẹ̀kùn náà kọ̀, ó ń mì bí eyín arúgbó. Inú Mùkáílà dùn. Bó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn nígbà ayé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ ohun tó mú kí fìtà tí gbogbo Ìwó ń gbé mọ́tò wá bá máa yọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì. Gàníyù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ọkọ̀ náà. Ó rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀, ọkọ̀ àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ, tí iná iwájú rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tó fi di ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ọ̀hún ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn tó ṣe é pàápàá kò ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́. Ọdún yẹn náà ni ibà ọ̀sẹ̀ kan mú Gàníyù lọ. Ìpẹtà tó ti ń jẹ ọkọ̀ náà lójú ẹni tó ni ín wá rí àyè, ó jẹ àgbékọ́ méjèèjì tó so ilẹ̀kùn apá òsì mọ́ ara ọkọ̀, ilẹ̀kùn sì já bọ́.

Àná ni Hàbíbátù, ìyàwó Gàníyù, jáde opó, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Nírọ̀lẹ́ òní, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn àgbà ilé yóò pè é, wọ́n á bi í bóyá ó gbà kí Mùkáílà ṣú òun lópó. Bó bá kọ̀, yóò kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ilé-Ogbó, kò sì sẹ́ni tó máa bá a jà. Mùkáílà fẹ́ kó dúró. Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bi í, Hàbíbátù ní láti kọ́kọ́ lọ kí àwọn òbí rẹ̀ láàárọ̀ yìí, Mùkáílà ló sì máa fi ọkọ̀ Gàníyù gbé e lọ.

Èrò kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí obìnrin yìí bá jókòó sínú ọkọ̀ náà, tó sì bá a bó ṣe mọ̀ ọ́n, àfàìmọ̀ kó má rí Gàníyù lára ẹni tó ń wà á.

Kó tó so ilẹ̀kùn náà, oríṣi àgbékọ́ méjì ló wà níwájú rẹ̀ lórí àpò tó tẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan wá láti Ìbàdàn, lọ́wọ́ Matthew, ọkùnrin kan tó ní ìwé àwòrán ẹ̀yà ọkọ̀ náà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, tó sì ń fi ìwọ̀n inú ìwé rọ irú ẹ̀yà tí wọn kò ṣe mọ́. Tirẹ̀ gún régé, ó ń dán. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ Fàtáì alágbẹ̀dẹ, tí ilé arọ rẹ̀ kò jìnnà. Fàtáì kò ní ìwé kankan, ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa ṣe. Mùkáílà gbé ògbólógbòó àgbékọ́ tó ti jẹ, tó ti tẹ̀, fún un, ó ní kó ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Fàtáì bi í bóyá pẹ̀lú títẹ̀ tó tẹ̀ yẹn. Mùkáílà ní bẹ́ẹ̀ ni. Alágbẹ̀dẹ ní òun kò tíì rí ẹni tó bẹ òun níṣẹ́ ohun tuntun tó ti bàjẹ́ rí, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà gan-an ni Mùkáílà ń wá kiri. Rọ́bà tuntun ló rà sí fèrè ọkọ̀ náà, ó sì fi abẹ́rẹ́ dá a lu kí ohùn rẹ̀ lè há bíi ti tẹ́lẹ̀. Fìlà Gàníyù ló dé, ó gẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún. Nígbà tó tó àkókò láti yan àgbékọ́, ọwọ́ rẹ̀ tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ lọ bá ti Ìbàdàn, ó fà á padà, ó sì mú ti Fàtáì.

Hàbíbátù dé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi."

Ọkọ ló máa ń pè é láti ìgbà tó ti wọlé, nítorí ó bá a nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Mùkáílà nígbà náà. Mùkáílà náà kì í ṣàì fi ẹ̀yin dá a lóhùn, torí obìnrin náà fi ọdún mẹ́rin jù ú.

Hàbíbátù wọnú ọkọ̀, ó fa ilẹ̀kùn, kò tì. Ó tún un fà. Mùkáílà sáré yípo wá, ó fi orúnkún gbé e, ó fi èjìká tì í, gbàmù. Ó wá dúró, ó ń retí ẹ̀rín.

Hàbíbátù kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ẹni tó tún ilẹ̀kùn ṣe. Mùkáílà ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìwé Matthew, ti ilé arọ Fàtáì, bí òun ṣe fojú fo èyí tó gún tí òun mú èyí tó tẹ̀.

"Ọkọ mi," ni Hàbíbátù wí, "ṣé ẹ mọ iye ọdún tí mo fi bẹ ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n tún ilẹ̀kùn yìí ṣe?"



Hàbíbátù sọ fún un pé nígbà tí oyún Sàrátù ọmọ òun wà nínú òun, ilẹ̀kùn yìí ṣí lójijì lórí afárá odò Ọ̀bà, díẹ̀ ló kù kí òun ṣubú. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìrìn tí òun bá rìn nínú ọkọ̀ yìí, ọwọ́ ni òun fi ń di ilẹ̀kùn mú títí dé ibi tí wọ́n ń lọ. Gàníyù á rẹ́rìn-ín, á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èèyàn dáadáa ni, òun sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ọ̀hún kò dé títí ó fi kú.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́ wá lọ ra ìbàjẹ́ rẹ̀ ní tuntun."

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ojú ti Mùkáílà gidigidi. Kò lè wo ojú obìnrin náà. Ó mú sípánà, ó ní kó jọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ Fàtáì.

Hàbíbátù jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó. Ti Ìbàdàn kò kọ́kọ́ gbà, nítorí igi tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ ti jẹrà láti ọjọ́ pípẹ́, ihò rẹ̀ sì ti fẹ̀. Mùkáílà gé awọ pélébé, ó fi í sẹ́yìn irin, ó fi bóòtù dè é wò, ó tú u, ó tún awọ mìíràn gé. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ìtìjú, iṣẹ́ nìkan ló ń rí.

"Wọ́n máa bi mí léèrè nírọ̀lẹ́," ni Hàbíbátù wí. "Kò sẹ́ni tó bi ẹ̀yin. Kí lẹ fẹ́?"

Mùkáílà wá ohun tí Gàníyù ìbá fi dáhùn, àwàdà kan, tàbí ẹ̀rín. Kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á.

"Mo fẹ́ kí ẹ dúró," ló wí, ojú rẹ̀ ṣì wà lára nọ́ọ̀tì tó ń dè. "Kì í ṣe tìtorí ẹ̀gbọ́n mi."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Hàbíbátù wọnú ọkọ̀, ó fi ìka méjì fa ilẹ̀kùn, ó sì tì jẹ́jẹ́. Ó ṣí i, ó tún un tì. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Ẹ ṣí fìlà yẹn," ló wí. "Kò bá orí yín mu."

Mùkáílà ṣí i. Ó fi irin yí ẹ́ńjìnnì níwájú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì náà jí, wọ́n sì gbéra. Nígbà tí wọ́n kọjá ilé tó gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó, obìnrin náà yíjú sí i.

"Ẹ má jẹ́ ká pẹ́ níbẹ̀ o. Mo ti rẹ ẹ̀wà ọ̀lẹ̀lẹ̀ sómi láti ìdájí, n kò fẹ́ kó kan."

Mùkáílà ní ó dáa. Ó wakọ̀ lọ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ létí dáadáa. Gàníyù kì í fẹnu kan ọ̀lẹ̀lẹ̀. Òun Mùkáílà ló fẹ́ràn rẹ̀ nínú gbogbo ilé. Láti ìdájí sì ni ẹ̀wà ti wà nínú omi, kí Hàbíbátù tó fojú kan ilẹ̀kùn kankan.