Kọ́kọ́rọ́ Tó Kẹ̀yìn sí Ọ̀pá

Ní ìlú Castelrive, ẹni tí kò bá tíì rán àsíá ìlú kò tíì di ọmọ ìlú. O lè bímọ síbẹ̀, o lè kọ́lé alájà mẹ́ta síbẹ̀, àlejò ṣì ni ọ́. Lọ́dọọdún, kí àjọ̀dún tó dé, wọ́n á sọ àsíá àtijọ́ kalẹ̀, wọ́n á jó o, wọ́n á sì kó aṣọ pupa àti funfun fún ilé kan láti fi rán tuntun. Kò sí wíwo àwòrán o. Wọ́n ní ojú ọmọ ìlú gidi ti mọ̀ ọ́n. Bó bá sì ti gòkè, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀.

Lọ́dún yìí, ilé Perrette ló kàn. Ojú ìyá àgbà náà ti ń ṣe bàìbàì, ni iṣẹ́ bá já lé Solène, ìyàwó ọmọ rẹ̀, lọ́wọ́. Vaugrenne ni wọ́n bí Solène sí, abúlé tó wà lódìkejì odò. Ó ti lo ogún ọdún nílé ọkọ, síbẹ̀ "ará òdìkejì" ni wọ́n ṣì ń pè é tó bá lọ ra búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Láyé ogun àtijọ́, àwọn ará Vaugrenne sá wá sí ẹnubodè Castelrive, Castelrive sì tì í mọ́ wọn. Kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè yẹn ló wà lára àsíá, funfun lórí pupa, eyín rẹ̀ kọjú sí ọ̀pá àsíá, ìyẹn ni pé ìlẹ̀kùn wà ní títì. Castelrive ń fi í yangàn. Kí ni ohun ìyangàn níbẹ̀? Ẹ bi wọ́n. Láti ìgbà náà, ará Vaugrenne kan kì í wá sí àjọ̀dún. Gaspar, ẹ̀gbọ́n Solène, kàn máa ń dúró lẹ́sẹ̀ afárá lọ́hùn-ún, á ṣí fìlà kí àbúrò rẹ̀ lókèèrè, á sì padà sílé.

"Ìyàwó, tó o bá bà á jẹ́, orúkọ mi lo bà jẹ́ yẹn," Perrette wí. "Má lọ rán eku fún wa dípò kọ́kọ́rọ́ o."

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó."

Solène di ojú, ó rí àsíá náà kedere bó ṣe máa ń rí i lọ́mọdé, ó gé aṣọ, ó sì rán an. Perrette fọwọ́ pa ibi tó rán, ó ní "hùn." Ẹni tó bá mọ Perrette mọ̀ pé ìyìn ńlá nìyẹn.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún, olórí ìlú fa okùn, afẹ́fẹ́ sì tẹ́ àsíá. Eyín kọ́kọ́rọ́ kẹ̀yìn sí ọ̀pá, ó kọjú síta. Ẹnì kan ní ará òdìkejì ti fi àwọn ṣẹ̀sín. Olórí ìlú tún di okùn mú, ó fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

Lójú Solène, ogún ọdún ti fẹ́ ṣòfò. Ó tún wo àsíá náà, ó sì rí àṣìṣe rẹ̀. Láti Vaugrenne, apá ọ̀tún ni eyín yẹn ń kọjú sí, apá ọ̀tún náà ló sì rán an sí. Ó gbàgbé pé lọ́hùn-ún, ọ̀pá pàápàá, ọ̀tún ló ń bọ́ sí.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rán," ó wí. "Látijọ́ tí mo ti dáyé, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ ń kọ sí wa."

Perrette bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè ohun tó wà lókè. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Ẹ fi okùn yẹn sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí kò bá tilẹ̀kùn, kí ló ń ṣe?"

Olórí ìlú kọjú sí i, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ń ṣí i ni," Perrette wí. " Àsíá sì ti gòkè. Ta ló ní kó sọ̀kalẹ̀? Àbí èmi ni mo ṣòfin yín?"

Olórí ìlú jáwọ́ nínú okùn. Perrette yíjú síbi tó gbọ́ ohùn Solène.

"Ìyàwó, ẹ̀gbọ́n rẹ tó máa ń dúró lẹ́sẹ̀ afárá yẹn, ṣé ó ti jẹun?"

"Rárá, Màámi."

"Lọ pè é wá. Sọ fún un pé àbúrò rẹ̀, ọmọ Castelrive, ló ń pè é."

Omi bọ́ lójú Solène. Ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó sáré. Lọ́hùn-ún, Gaspar ti ṣí fìlà bó ṣe máa ń ṣe, ó sì fẹ́ yí padà sílé, kó tó rí àbúrò rẹ̀ tó ń sáré bọ̀ lórí afárá. Kò dé fìlà náà mọ́. Ó mú un dání, ó sì gun afárá.